Èmi àti Bàbá Jọ́ọ̀jì Nínú Ẹrẹ̀

Kí n tó kúrò n'Íjẹ̀bú-Òde, mo rò pé mo mọ ẹrẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà oko bàbá mi ní Ibefun kọjá lẹ́yìn òjò oṣù kẹsàn-án, tí ẹrẹ̀ fa bàtà ọ̀tún ẹ̀ yọ tó sì gbé e mì, tó wá ń fi bàtà kan ṣoṣo tiro délé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa ṣàlàyé ẹrẹ̀ fún un. Mò ń tan ara mi jẹ ni. Ẹrẹ̀ ń bẹ lókè òkun tó jẹ́ ọ̀gá fún tiwa. Ó tutù bí ẹja inú firíìsà, ó sì ń di èèyàn lẹ́sẹ̀ mú bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá ẹ̀ lọ sọ́jà. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn onílùú kì í sá fún un. Wọ́n ń wá a lọ ni! Wọ́n á jí lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ wọn lára bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ tó ń dán jáde, wọ́n á sì forí lé inú ẹrẹ̀ náà ṣánṣán.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ọmọ yín ní jọ́gíráfì, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Mo wà lára wọn.

Ìdí tí mo fi lọ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, n kò ní fi ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Bí mo ṣe lọ, ọkọ̀ òfurufú ló gbé mi, ìyẹn náà ti tó. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí nígbà tí mo dé ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ méjèèjì ti wọ yunifásítì, mo sì ti fi ọdún mẹ́tàlélógún sọ fún ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì bí òtútù ṣe ń mú láwọn ilẹ̀ òkè lọ́hùn-ún. Ìgbà tí òtútù yẹn gbá mi létí ní tòótọ́ ni mo tó mọ̀ pé ó yẹ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Àmọ́ òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní àdúgbò wa, láti ẹnu ọ̀nà ilé Màámi dé oríta, àgbàdo sísun kan kò ní tíì tán lẹ́nu èèyàn kó tó débẹ̀. Síbẹ̀ ó máa ń gbà mí ní ìdajì wákàtí. Aránṣọ á béèrè orí tó ń fọ́ mi lánàá. Alfa tó ń ta gílóòbù á ní òun ò gbúròó mi láti ọjọ́ jímọ̀. Ìyá ẹlẹ́pà á kọ́kọ́ bú mi pé mo ti gbàgbé òun, á wá bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde nílùú òyìnbó, èèyàn mẹ́fà ló wà níbùdókọ̀. Mo dé, mo rẹ́rìn-ín, mo fi Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ kí gbogbo wọn káàárọ̀, mo tún béèrè bí wọ́n ṣe sùn. Ọkùnrin kan wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ni mò ń bá wí. Obìnrin kan yára fa báàgì ẹ̀ mọ́ àyà. Ẹnì kan ní tiẹ̀ dáhùn pé òun sùn dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo rin ìlú náà já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ogún ìṣẹ́jú péré. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, mo sì sunkún díẹ̀, torí mo ti yára débi tí mò ń lọ jù.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ni mo ti ríṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ni à ń fọ̀, à ń lọ̀, à ń ká, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ tóbi tó ṣọ́ọ̀bù, ariwo wọn kì í sì í jẹ́ ká gbọ́ra. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń tú aṣọ jáde, mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ fún ẹ̀rọ kẹta pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá."

Sáńdírà, obìnrin tí a jọ ń ká aṣọ, yọjú láti òdìkejì. Ó sanra, ohùn ẹ̀ sì ga ju tàwọn ẹ̀rọ lọ.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mò ń kí ẹ̀rọ ni."

"Ṣé ó dá ẹ lóhùn?"

"Kò tíì dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n òun ò wo ẹ̀yìn."

Sáńdírà rẹ́rìn-ín títí ó fi fi aṣọ ibùsùn nu ojú, a sì ní láti tún aṣọ náà fọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti dé láàárọ̀, á kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" sí èmi àti ẹ̀rọ lápapọ̀. Ó ń pè é bí ẹni tí gúgúrú há lọ́fun. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Òun ló fún mi ní kẹ̀kẹ́. Ọmọ ẹ̀ ti dàgbà, ó pa á tì sínú àká, ó sì ti fẹ́ dógùn-ún. Sáńdírà béèrè bóyá mo lè gùn ún. Mo ní ṣé òun mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀? Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ga jù mí lọ nígbà tí mo kọ́ ọ. Abẹ́ irin ni mo ti ẹsẹ̀ bọ̀, tí mò ń gùn ún ní ẹ̀gbẹ́ bí alákàn. Mo fi gbé ẹ̀gẹ́ láti oko dé ilé, bàbá mi á máa rìn lẹ́yìn, á ní, "Rọra o, má da oúnjẹ wa nù." Ogójì ọdún ni n kò ti gun kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ara kì í gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdí nìkan ló ń ráhùn.

Mo wá ń gba ọ̀nà tóóró kan lẹ́bàá odò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí òjò dé, odò kún bo ọ̀nà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣẹ́ ṣòkòtò mi sókè, mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, mo sì la omi kọjá. Mo rí Sáńdírà lórí afárá, ó dúró, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Òjò ni."

"Ṣé o mọ̀ pé àwọn èèyàn ń fi ìyẹn ṣe eré ìdíje?"

Ní Ìjẹ̀bú, tí a bá rí ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, a ó bá a kẹ́dùn pé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ bàjẹ́. Lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Eré kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ewé bá ti ń wọ́ títí dé oṣù kìn-ín-ní, ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á fi okùn yí pápá kan ká, wọ́n á jẹ́ kó gba inú igbó, kó gun òkè, kó gba orí àtẹ̀gùn. Wọ́n á wá fi pákó dábùú ọ̀nà, kí ẹni tó ń sáré bọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀, kó gbé kẹ̀kẹ́ fò ó. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ń yí i po, títí wọn yóò fi lu agogo pé ó ku ìyípo kan. Sáńdírà gan-an ló ń lu agogo náà. Ọkọ ẹ̀ ló ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọkọ lọ, agogo kù.

Ohun tó mú mi forúkọ sílẹ̀ nìyí: wọ́n ń to àwọn èèyàn ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí ọjọ́ orí. Sáńdírà fẹ́ máa ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Mo ní kó dákẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú lò ń sọ fún? A bí wa sínú regbérégbé. Ẹgbẹ́ tí a jọ dàgbà la jọ ń lọ kí ọba. Ó ní àwọn ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló máa kọ́kọ́ gbéra, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ni àwa obìnrin á tẹ̀ lé wọn, ìwé kan náà ni wọ́n á sì fi kọ orúkọ gbogbo wa bí a bá ṣe dé sí. Inú mi dùn. Ìlú tí wọn kì í ti í kí àgbà, wọ́n jẹ́ kí àgbà ṣíwájú!

Mi ò tíì mọ̀ pé inú ibẹ̀ ni wàhálà mi wà.

Eré àkọ́kọ́. Mo fi ìborùn wé orí dáadáa sábẹ́ akoto, nọ́ńbà wà lẹ́yìn mi. Fèrè dún, gbogbo àwọn obìnrin fò lọ bí ẹtu, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ wọn lójú. Kò burú. Nígbà tí mo yípo kejì, mo rí ẹ̀yìn ẹnì kan níwájú. Bàbá tín-ín-rín kan ni, irùngbọ̀n funfun, wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń lọ kí àna. Bàbá Jọ́ọ̀jì nìyẹn, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Orúkọ wọn ni Jọ́ọ̀jì. Èmi ni mo fi Bàbá sí i. Mo lé wọn bá. Mo fẹ́ kọjá. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ wọn báyìí, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," orúnkún mi méjèèjì sì tẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Lórí kẹ̀kẹ́!

Kẹ̀kẹ́ lọ sọ́tùn-ún, mo lọ sósì, mo sì fi àyà balẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Bàbá Jọ́ọ̀jì wo ẹ̀yìn, wọ́n béèrè bóyá mi ò ṣèṣe, wọ́n sì ń wa kẹ̀kẹ́ wọn lọ. Ìkẹyìn ni mo gbà.

Mo ní ìgbà kejì n kò ní tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà kejì, mi ò kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti wa kẹ̀kẹ́ tí mo bá ti dé ẹ̀gbẹ́ àgbà. Mo rọra, mo kí wọn, mo béèrè bí ara wọn ṣe rí, kí n tó mọ̀, wọ́n ti lọ. Ìgbà kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lé wọn bá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kí wọn. Ẹnu mi lè gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé, àmọ́ ta ni yóò bá orúnkún sọ ọ́?

Màámi máa ń pè lẹ́yìn eré gbogbo. Wọ́n ń ta abọ́ lọ́jà láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi, wọn kì í sì í gba ọ̀rọ̀ tí kò bá kún òṣùwọ̀n.

"Ipò kelòó lo wà?"

"Màámi, mo parí eré náà o."

"Mi ò béèrè bóyá o parí. Ipò kelòó?"

"Ìkẹyìn."

Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ń ná kúlà.

"Ta ló wà lẹ́yìn ẹ?"

"Ọlọ́run ni, Màámi."

"Àsítàgìfúrúlà! Má mú Ọlọ́run wọ inú ẹrẹ̀. Èèyàn ni mò ń béèrè."

Eré méje, ìkẹyìn méje. Ẹ lè ní kí ló kàn mí, eré ìdárayá ṣáà ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí di eré kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀. Nílùú yẹn, èmi ni ìkẹyìn nínú gbogbo nǹkan. Tí wọ́n bá dá àpárá níbi iṣẹ́, èmi ló ń rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, nígbà tí àwọn tó kù ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi ló ń gbọ́ ìròyìn kẹ́yìn. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín wọn, kí n tó to Gẹ̀ẹ́sì mi tán, wọ́n ti dìde. Èmi tí mo máa ń wọ kíláàsì tí ogójì ọmọ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà! Mi ò wá ipò kìn-ín-ní. Mo kàn fẹ́ kí ọdún eré yẹn tó parí, kí èèyàn kan ṣoṣo, ẹ̀dá Ọlọ́run kan péré, dé lẹ́yìn mi. Ẹni tí mo sì lè lé bá nínú gbogbo wọn ò ju Bàbá Jọ́ọ̀jì lọ. Eré kan ló ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn eré keje, mo ń fọ kẹ̀kẹ́ mi nídìí ẹ̀rọ omi nígbà tí Bàbá Jọ́ọ̀jì wá bá mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Mo ní ìbéèrè kan," ni wọ́n wí. "Ṣé àánú mi ló ń ṣe ẹ́?"

"Rárá o, sà!"

"O yá jù mí lọ. Mò ń gbọ́ táyà ẹ lẹ́yìn mi. O máa dé ẹ̀gbẹ́ mi, o máa béèrè orúnkún mi, o máa béèrè ẹ̀yìn mi, o máa wá fà sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá o ní kí n kí ìyàwó mi."

"Ó yẹ kí n kí wọn, sà."

"Nínú eré?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní níbi tí mo ti wá, a kì í ti ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá bí ẹni tó rí igi. Mo ní ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n nu irùngbọ̀n wọn, ẹrẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wò wá lẹ́yìn okùn ò mọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń rí ni obìnrin kan tó ń dúró de arúgbó. Ogójì ọdún ni mo ti ń wọ inú ẹrẹ̀ yìí. Mi ò fẹ́ ipò tí ẹnì kan fi ta mí lọ́rẹ. Tó o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi, bá mi sáré."

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n lọ. Omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀. Gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo ti ń kó fún bàbá yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, èébú ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú eré ìkẹyìn, mo pe Màámi. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á ní kí n fi bàbá arúgbó sílẹ̀, pé ọmọ ire kì í bá àgbà du ọ̀nà.

"O rántí Ìyá Ayépé?"

Ta ni kò rántí Ìyá Ayépé? Ìsọ̀ abọ́ tiwọn àti ti Màámi fara kanra. Wọ́n fi ọdún mẹ́wàá ju Màámi lọ, ohùn wọn sì lè fọ́ tánńganran.

"Ogún ọdún la fi jókòó ti ara wa," ni Màámi wí. "Ṣé o rí ọjọ́ kan tí mi ò kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀?"

"Mi ò rí i, Màámi."

"Ṣé o rí ọjọ́ kan tí oníbàárà dé tí mo ní kí Ìyá Ayépé kọ́kọ́ tà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Má rẹ́rìn-ín, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ gidi. Tí mo bá fi oníbàárà ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n á ní mo rí wọn bí ẹni tí kò lè tajà mọ́. Wọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Mo máa ń kí wọn kúnná láàárọ̀, ìkíni tó máa tó wa títí di ìrọ̀lẹ́. Tí ọjà bá ti wá ṣí, ẹni tí ẹnu ẹ̀ bá yá ló tà. Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lò ń kí bàbá yẹn?"

"Tí mo bá lé wọn bá."

"Ọjà ti ṣí nígbà yẹn! Ó ti pẹ́ jù. Kí wọn kí ẹ tó gbéra."

Mo ka jọ́gíráfì ní yunifásítì o. Ìyá mi ò ka ju ìwé mẹ́fà lọ.

Ọjọ́ eré ìkẹyìn, yìnyín ti bo pápá mọ́jú, oòrùn sì ti ń yọ́ ọ. Ẹrẹ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Bí iyán tí omi pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló rí. Èrò pọ̀, wọ́n ń lu páànù, wọ́n ń fun fèrè. Àwọn bàbá méjìlá ti tò sójú ìlà. Mo fi kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀ sáàárín àwọn obìnrin, mo rìn lọ síwájú, mo kí gbogbo wọn lápapọ̀, mo wá dé iwájú Bàbá Jọ́ọ̀jì. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, nínú ẹrẹ̀, bó ṣe yẹ.

Ọkùnrin tó ń fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ béèrè bóyá ẹnì kan ti dákú. Obìnrin kan tó gbé àpótí oògùn ti ń sáré bọ̀. Sáńdírà ló dá a dúró. "Ẹ fi í sílẹ̀," ló pariwo. "Ó ń kí wọn ni!"

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni mo wí. "Ẹ kú òtútù. Ara ńkọ́? Orúnkún ńkọ́? Ẹ̀yìn ńkọ́? Ìyàwó yín ńkọ́? Ìkíni tòní tán nìyẹn o, sà, mi ò tún ní kí yín mọ́ títí a ó fi parí. Mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá lónìí."

Bàbá Jọ́ọ̀jì wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín wọn.

"Wá gbà á," ni wọ́n wí, "tó o bá lè gbà á."

Fèrè wọn dún, wọ́n lọ. Ìṣẹ́jú kan. Tiwa dún, a lọ. Àwọn ẹtu fi mí sílẹ̀ bí ìṣe wọn, mi ò wò wọ́n. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mò ń wá. Ìyípo kìn-ín-ní, n kò rí i. Ìkejì, mo rí akoto pupa wọn láàárín igi. Ìkẹta, ó ti súnmọ́. Afẹ́fẹ́ ń gé mi láyà bí abẹ, ẹrẹ̀ wọ ẹnu mi, mo tutọ́, mo tún gba òmíràn sẹ́nu. Inú mi sì ń dùn! Mò ń sọ fún yín, inú mi dùn débi tí mo fi ń pariwo, mi ò mọ ohun tí mò ń wí, Ìjẹ̀bú ni, Gẹ̀ẹ́sì ni, gbogbo ẹ̀ ló pọ̀ mọ́ra. Àwọn èrò ẹ̀yìn okùn náà ń pariwo padà.

Agogo dún. Sáńdírà ń lù ú bí ẹni tí ilé ń jó. Ìyípo kan ló kù, Bàbá Jọ́ọ̀jì sì wà níwájú mi bí ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ méjì.

A dé ìdí òkè, ibi tí kò sẹ́ni tó lè gùn ún. A sọ̀ kalẹ̀, a gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká. Níbí ni èmi ti jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ Ibefun. Mo gun òkè náà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ léjìká, mo dé ẹ̀gbẹ́ wọn, orúnkún mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó fẹ́ tẹ̀. Mo bá a wí. "A ti kí wọn," ni mo wí. "A ti kí wọn tán láàárọ̀." Ó gbọ́. Mo kọjá.

Mo kọjá! Fún bí ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀dá Ọlọ́run kan wà lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi pákó, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi fò ó bí ẹni tó ń gbé àpò gààrí gba ojú fèrèsé, Bàbá Jọ́ọ̀jì sì fò ó bí ọmọ ogún ọdún. Ogójì ọdún ìrírí nìyẹn. Wọ́n gbà á padà. Wọn ò kí mi.

Ó ku kọ́nà kan ṣoṣo. Òkè ọ̀nà gbẹ díẹ̀, òun ni gbogbo èèyàn ń tọ̀. Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá okùn, ẹrẹ̀ pọ́nbélé ni, ṣùgbọ́n ó kúrú. Bàbá gba òkè. Mo gba ìsàlẹ̀. Táyà mi rì, mo fi ìbínú wà á, ó yọ, ó rì, ó yọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni mo ń jáde. Èjìká wa kan ara wọn. A jọ dojú kọ ìlà, orí wa tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnu wa là, àgbà méjì tó yẹ kó wà nílé kí wọ́n máa mu tíì. Mo na ọwọ́, mo ti kẹ̀kẹ́ síwájú bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn.

Ìdajì táyà ni mo fi ṣíwájú. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́; ọkùnrin onígbohùngbohùn ló kéde ẹ̀, gbogbo pápá sì hó yèè.

Mo ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Mò ń retí kí Bàbá Jọ́ọ̀jì wá bọ̀ mí lọ́wọ́ bí àwọn èèyàn wọn ti ń ṣe, kí wọ́n rọra rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ní mo ṣe dáadáa. Wọ́n ju kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n wá dúró lé mi lórí, ojú wọn pọ́n bí ata.

"O dí mi lọ́nà!"

"N kò dí yín lọ́nà, sà."

"Ní kọ́nà! Ọ̀nà tèmi ni! O já wọ inú ẹ̀!"

"Ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀, mo sì gbà á."

"Mo ti wà níbẹ̀ kó o tó dé!"

"Òkè lẹ wà, sà!"

Wọ́n mú igi kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya kọ́nà náà sínú ẹrẹ̀ níwájú mi: ibi tí wọ́n wà rèé, ibi tí mo ti yọ rèé. Àwọn èèyàn ti ń pé lé wa lórí. Sáńdírà gbé tíì méjì dé, ó dúró, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wo ojú bàbá yìí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìlú yẹn, àwọn èèyàn ti bá mi kẹ́dùn, wọ́n ti bẹ̀ mí, wọ́n ti sọ fún mi pé kò burú, kò sì sẹ́ni tó tíì bá mi jà rí. Bàbá yìí kò bá mi kẹ́dùn rárá. Wọ́n ń bá mi jà bí Ìyá Ayépé ṣe ń bá Màámi jà lórí oníbàárà.

Fóònù mi ń dún lápò. Mo mọ̀ pé Màámi ni, wọ́n fẹ́ gbọ́ ipò. Mo jẹ́ kó máa dún.

Mo dìde, mo gba igi lọ́wọ́ Bàbá Jọ́ọ̀jì, mo fi bàtà pa ìlà wọn rẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya tèmi.

"Irọ́ lẹ ń pa, sà," ni mo wí. "Ẹ tẹ̀ síbí, kí ẹ wò ó dáadáa."